Ohun Tí ‘A Dúpẹ́’ Túmọ̀ Sí Lẹ́nu Ìyá Rẹ

Ago Alaye,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Adétóún ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Ore ti fi epo mọ́tò bà á jẹ́ lápá kan, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo rẹ̀ kà. Mo kà á sókè fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ aláàánú ní Àkúrẹ́, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti béèrè pé, ‘Ṣé àlàáfíà ni Màámi wà? Ṣé kí n kọ́kọ́ wálé, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ná?’ ó fi Ìkálẹ̀ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó ní, ‘Ẹ kọ ọ́ sí i pé a dúpẹ́. Kí ọma mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀.’

Mo jókòó láti kọ ọ́ bí ó ti wí, ọwọ́ kọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé bí a bá ń kọ lẹ́tà, ìkíni ni kí ó ṣáájú: kí a sọ pé ara wa le, kí a sì béèrè ara ẹni tí a ń kọ ọ́ sí. Lónìí, mo fo ìkíni. N óò dáhùn ìbéèrè rẹ nípa ìyá rẹ, ṣùgbọ́n n óò kọ́kọ́ sọ ìtàn ilé ìwé wa fún ọ, nítorí pé bí o kò bá mọ ohun tí ‘a dúpẹ́’ ṣe fún wa nígbà náà, kò ní yé ọ nígbà tí ìyá rẹ bá sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má fo ojú ewé láti lọ wá ìdáhùn. Mo mọ̀ ọ́. Bí o ṣe máa ń ṣe ìṣirò nìyẹn, ẹ̀yìn ìwé lo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

O ní iṣẹ́ rẹ ni kí o máa lọ láti abúlé dé abúlé, kí o wo ibi tí ìyà ti pọ̀ jù, kí o sì sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ ibi tó yẹ kí ìrànwọ́ kọ́kọ́ lọ. Ó yẹ kí inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún ọ, àyà mi já ni. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn kan wá ṣe lọ́dọ̀ wa nígbà tí o wà ní kékeré. Èèyàn rere ni wọ́n, bí ìwọ náà ti jẹ́ èèyàn rere, wọ́n sì pa wá láìmọ̀. Àwa náà bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ìgbà yẹn, inú oko lẹ́yìn Ajue la wà, a kò tíì kó wá síbí. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba ni. Wọ́n ní owó ti tán lápò ìjọba, kí oníkálùkù gba kámú. Wọ́n dá àwọn tíṣà dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí àwọn òbí máa san owó tí wọn kì í san tẹ́lẹ̀, ìwé sì wọ́n bí ojú. Mílíìkì àti ṣúgà di ohun tí àgbàlagbà ń tò sórí ìlà dúró dè ní Ore, tí sójà ọmọ àná ń fi kòbókò tò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé. Lábúlé wa, èmi nìkan ni tíṣà tó kù. Èmi ni mo ń kọ́ ìwé kìíní dé ìwé kẹfà nínú ilé amọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn mọ. Ṣọ́ọ̀kì tán, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni mo fi ń kọ̀wé sára pátákó, ewúrẹ́ a sì máa wọlé wá lá ìṣirò yín bí mo bá ti yíjú. Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá kan rọ̀ tí ògiri ẹ̀yìn wó lulẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ni. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú báyìí, mo ti ní kí ẹ máa lọ sílé nìyẹn.

Ìwọ àti Bọ́sẹ̀ ọmọ opó lẹ máa ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Mo mọ̀ pé o kò gbàgbé Bọ́sẹ̀. Ọmọ yẹn mọ̀wé jù ọ́ lọ. Má bínú sí mi, o ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ báyìí. Òun ló ń ka Bíbélì fún ìjọ nílé àdúrà nígbà tí kò tíì ga tó tábìlì, wọ́n á gbé e dúró sórí àpótí kí ojú rẹ̀ lè hàn. Ìyá rẹ̀ ń sin abo ewúrẹ́ kan nígbà náà. Ó ní bí Bọ́sẹ̀ bá jáde ìwé mẹ́fà, ewúrẹ́ yẹn àti àwọn ọmọ tó bá bí lòun ó tà láti fi rán an lọ sí girama. Gbogbo abúlé ló mọ ewúrẹ́ náà, ewúrẹ́ Girama la ń pè é.

Ìròyìn wá dé pé ẹgbẹ́ aláàánú kan láti Èkó ń bọ̀ wá wo àwọn ilé ìwé inú oko. Èyí tó bá burú jù, wọn ó tún un kọ́, wọn ó sì fún un ní ìwé. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Mo rò pé a fẹ́ jókòó ro ohun tí a máa béèrè ni. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ ronú ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn gbogbo wọn, pé àlejò ń bọ̀.

Baálẹ̀ ní, ‘Tíṣà, ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn ò dáa. Àlejò ò gbọdọ̀ rí i.’

Mo ní, ‘Bàbá, ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò gan-an nìyẹn.’

Ìyá rẹ gba ọ̀rọ̀ náà láàárín àwọn obìnrin. ‘Bàbá Tóún, ta ní í ká aṣọ sókè kí àlejò lè rí egbò itan ẹ̀? Ṣé kí wọ́n padà sí Èkó lọ máa fi wá ṣẹ̀sín ni? Ẹ jẹ́ ká bo àṣírí ara wa.’

Yorùbá ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nítorí pé ọwọ́ tíṣà ò ṣeé yí padà. Ìkálẹ̀ tó fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti jiyàn. Àwọn obìnrin ní òótọ́ ló sọ. Mo wò ó bí ó ti dúró, ojú rẹ̀ ń dán, inú mi sì dùn pé èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Òun ló wá di olórí ètò. Ó yá aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ará Ajue fún àwọn ọmọ tí tiwọn ti gbó. Wọ́n ru bẹ́ǹṣì wá láti ilé àdúrà. Wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n sì fi dí ibi tí ògiri ti wó, wọ́n to òdòdó mọ́ ọn, ó wá dà bí ohun ọ̀ṣọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Èmi náà ṣe tèmi. Mo kọ́ gbogbo yín pé bí àlejò bá ti bi yín bóyá ara yín le, kí ẹ pariwo pọ̀ pé, ‘Wí à fáìn, tánkì yù, mà!’ Mo sì ní kí ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá ń sọ ọ́. Ní ti oúnjẹ, kò sí ẹran tó tó fi ṣe àlejò lábúlé àfi ewúrẹ́ Girama. Wọn ò tiẹ̀ bẹ ìyá Bọ́sẹ̀ títí. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á wá. Ó ní bí ó bá jẹ́ nítorí ìwé àwọn ọmọ ni, òun ò ní ṣahun.

Àwọn àlejò dé, obìnrin òyìnbó kan àti ọkùnrin dúdú kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni ògbufọ̀. Obìnrin náà tutù lójú, ó ń kí gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ó bi yín bóyá ara yín le, ẹ sì pariwo bí mo ṣe kọ́ yín, igbó dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó jẹ iyán, ó jẹ ẹran. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Baálẹ̀, ó ní kí n bi í pé kí ni ilé ìwé wa ṣe aláìní.

Baálẹ̀ tún aṣọ rẹ̀ ṣe léjìká. ‘Ẹ sọ fún wọn pé a dúpẹ́. Ẹni tó ní Ọlọ́run, kí ló tún kù tí ò ní?’

Mo túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Mo tiẹ̀ ń yangàn nínú ara mi pé gẹ̀ẹ́sì mi já gaara.

Adétóún, o jẹ́ ọmọ wa, o mọ bí a ti ń ṣe. Bí èèyàn bá bá ọ nídìí oúnjẹ tí o sì ní kó wá jẹun, kí ló máa sọ? Á ní òun ti yó. Ẹni tí ebi ń pa kú lọ gan-an ló máa kọ́kọ́ sọ pé òun ti yó. Wàá ní, ‘Rárá, ẹ bù díẹ̀.’ Á ní, ‘Ẹ má ṣèyọnu.’ Nígbà tí o bá tún fà á lọ́wọ́ ló tó máa fọwọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́, ìkíni ni. Èkejì, ìyẹn ni a fi ń mọ̀ pé ẹni náà fẹ́ gbọ́. Ẹ̀kẹta là ń dáhùn. Baálẹ̀ ń dúró de èkejì. Gbogbo wa là ń dúró dè é. Ìyá Bọ́sẹ̀ tiẹ̀ ti sún mọ́ iwájú, ó ti ń gbá ìró mọ́ra láti sọ̀rọ̀. Obìnrin náà mi orí, inú rẹ̀ dùn fún wa, ó dìde.

Èyí ni ìmọ̀ràn mi kìíní. Má ṣe gba ìdáhùn àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní a dúpẹ́, jókòó sí i. Bá wọn sọ̀rọ̀ òjò, bá wọn sọ̀rọ̀ kòkó, kí o tún béèrè. Àwọn ọ̀gá rẹ ní Àkúrẹ́ yóò máa wo aago, jẹ́ kí wọ́n máa wò ó.

Bí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ọkùnrin dúdú yẹn na ọwọ́ sí wa, ó ní, ‘A óò padà wá.’ Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Gbogbo abúlé gbé e sọ́kàn. Wọn ò jẹ́ kí a dá bẹ́ǹṣì padà fún ilé àdúrà, nítorí àlejò á padà wá. Bí imọ̀ ọ̀pẹ bá gbẹ, wọ́n á gé tútù. Nígbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé bí ‘a dúpẹ́’ ti jẹ́ ìkíni lẹ́nu tiwa, ‘a óò padà wá’ náà jẹ́ ìkíni lẹ́nu tiwọn. Àwa gba tiwọn gbọ́, àwọn náà gba tiwa gbọ́. Ohun tó bà wá jẹ́ nìyẹn, kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀ rárá. Ìgbà mìíràn, mo máa ń wá ẹni tí mo lè bínú sí, n kì í rí i.

Ìmọ̀ràn kejì, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ń padà bọ̀ bí o kò bá mọ ọjọ́ tí o ń padà bọ̀. Sọ pé ó dàbọ̀, kí o máa lọ. Ó sàn kí wọ́n sọ pé o ya aláìlójú àánú ju kí wọ́n máa gé imọ̀ ọ̀pẹ dè ọ́.

Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Ore ló wá sọ fún wa lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé wọ́n ti kó páànù àti ìwé lọ sí abúlé mìíràn. Ní abúlé yẹn, wọ́n ní nígbà tí àlejò dé, àwọn obìnrin yí nílẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọn ò sì gbé omi lásán fún wọn mu. Ti àwa, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ń gbádùn, ẹran wà lábúlé wọn, aṣọ ọmọ wọn mọ́, ògiri ilé ìwé wọn ní òdòdó. Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti òdòdó. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Má kórìíra àwọn tó yí nílẹ̀ yẹn o. Èmi kórìíra wọn lọ́jọ́ pípẹ́, òmùgọ̀ ni mí. Ìyà ń jẹ àwọn náà. Ẹkún ni wọ́n mọ̀, àwa ò mọ̀ ọ́n sun. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn aláàánú pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lè máa kú lọ.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló parí rẹ̀. Páànù ilé ìwé wa ṣí, ògiri yòókù wó, ìjọba sì ní a kò pọ̀ tó láti ní ilé ìwé tiwa, kí àwọn ọmọ máa rìn lọ sí òmíràn. O mọ bí ọ̀nà igbó yẹn ti rí. Àwọn kan ń wí fún mi pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹwà wo? Mo rán ọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òndó, ìwọ kàwé. Bọ́sẹ̀ ò ní àbúrò bàbá ní Òndó, kò sì ní ewúrẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Ore láti máa ta búrẹ́dì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ti ń sọ̀rọ̀ káàkiri. Mo kọ̀wé sí káńsù, mo lọ bá àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́, mo dúró níwájú ọ́fíìsì sójà kan títí tí ọmọ tí mo lè bí fi lé mi jáde. O rántí bí o ṣe máa ń sọ pé bàbá rẹ ń jà fún àwọn ọmọ oko. Ìjà tí a ti pàdánù kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni. Mo lanu nígbà tí kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n béèrè, tí wọ́n jókòó níwájú mi, tí ẹran wà lẹ́nu wọn, mo ń fi gẹ̀ẹ́sì yangàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tara ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi dákẹ́.

N kò ka iye ìmọ̀ràn mọ́. Gba èyí pẹ̀lú: má ṣe jókòó ní iwájú ilé. Iwájú ilé, tàlejò ni. Ẹ̀yìn ilé ni kí o lọ, sọ pé o fẹ́ tọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dá ọ dúró. Wo ààrò, bóyá eérú rẹ̀ gbóná. Wo ìkòkò omi, bóyá omi inú rẹ̀ mọ́. Wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, má wo aṣọ wọn. Bí ohun kan bá wà tí wọ́n fi òdòdó bò, ṣí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bí wọ́n bá sì gbé ẹran wá fún ọ, má kọ̀ ọ́, ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n béèrè ẹni tó ni ẹran náà.

Mo rí Bọ́sẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ti wọ̀ ọ́ nìyí, nítorí náà, fara balẹ̀ kà á. Mo gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ore ni. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. A rò pé àárẹ̀ oko ni. Ó gun orókún, ó wá gun ikùn. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó ló ń sùn, kí èémí lè ráyè gbà. Ó lọ sílé àdúrà, wọ́n fún un ní omi ìyè, ó mu ún, ó sì jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun ti gba ìwòsàn. O mọ àwọn ará wa, a kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn. Lọ́jọ́ tó jẹ́rìí yẹn, èmi àti ọkùnrin mìíràn la dì í mú relé.

Ní ilé ìwòsàn náà, kò sí oògùn, kò sí òwú, nọ́ọ̀sì ní kí a lọ ra gbogbo rẹ̀ wá láti ìta. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ jìn wọlé kò sì padà bọ̀ sípò. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíá, pé kí n má dúró pẹ́. Ó tún padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ, ó bi í pé, ‘Mama, kí ló ń dùn yín?’ Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, ‘A dúpẹ́, nọ́ọ̀sì. Ó ti ń fúyẹ́.’

A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, à ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wa padà. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo Bìní, wọ́n ń pariwo Èkó, wọ́n ń lé wa kúrò níbi tí a jókòó sí. Obìnrin kan fi àtẹ búrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. ‘Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.’ Bọ́sẹ̀ ni. Ó pọn ọmọ, ọmọ mìíràn di aṣọ rẹ̀ mú. Ó fi gèlè rẹ̀ nu ojú ìyá rẹ, ó fún wa ní búrẹ́dì, ó kọ̀ kí n sanwó. Lẹ́yìn náà ló tú ìgò oògùn ọmọ jáde láti inú ìró, ó na án sí mi.

‘Tíṣà, ẹ bá mi ka èyí. Ṣíbí mélòó ni wọ́n ní kí n máa fún un?’

Mo ní, ‘Bọ́sẹ̀, ìwọ?’

Ó wo ilẹ̀. ‘Ojú mi ti gbàgbé ìwé, Tíṣà. Ó pẹ́ tí n kò ti rí i.’

Mo kà á fún un. Mo bi í pé báwo ni nǹkan. Ó ti gbé àtẹ rẹ̀ lérí, bọ́ọ̀sì kan ti ń dẹ́sẹ̀ dúró, ó ti ń sáré lọ. Ó yíjú padà, eyín rẹ̀ funfun báláú, ó ní, ‘A dúpẹ́, Tíṣà!’

Ìyá rẹ sunkún lọ́nà ilé. N kò rí i kó sunkún rí nítorí ara tirẹ̀. Ó ní, ‘Ọma yẹn ló ń ka ìwé fún wa lórí àpótí.’ Ó ní òun ló ní kí wọ́n pa ewúrẹ́ yẹn. Mo ní gbogbo wa ni. Ó ní, ‘Ẹ̀yin ò gbé ọ̀bẹ wá. Èmi ni mo gbé e wá.’

Mo bẹ̀ ẹ́ kí a ránṣẹ́ pè ọ́ láti ìgbà náà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí o ti ń wá iṣẹ́, pé nígbà tí iṣẹ́ ò sí nílùú yìí tí o wá rí ọ̀kan, òun ò ní jẹ́ ẹni tó máa fà ọ́ lẹ́sẹ̀. Ó tún ní ohun kan tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Ó ní bóyá ìwọ lo máa padà wá sí irú ilé ìwé wa yẹn. Òun ṣì gbà pé ìrànwọ́ máa ń dé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Mo ti wo ilẹ̀ yìí pẹ́, sójà ń lọ, sójà ń bọ̀, aláàánú ń lọ, aláàánú ń bọ̀, àwọn ọmọ inú oko ṣì ń ru búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí o bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, bóyá Bọ́sẹ̀ kan ṣoṣo á bọ́. Bóyá kò sì ní bọ́. Ṣe é síbẹ̀, ṣùgbọ́n má retí kí ọkàn rẹ balẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí. Kì í ṣe àlàáfíà. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń jí wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gòkè. N kò lè dá gbé e dé Òndó, kò sì gbà kí n gbé e. Ìwọ nìkan ni kò lè bá jiyàn.

Bí mo ti ń kọ èyí, ó ń wò mí láti ibi tó jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó bi mí pé kí ló ń gùn tó báyìí nínú lẹ́tà kan. Mo ní ìmọ̀ràn ni. Ó ní, ‘Ẹ sọ fún un pé bó bá fẹ́ wá, kó ránṣẹ́ ṣíwájú, kí n lè múra.’ Ó ti ní kí n mú ìró àrán rẹ̀ jáde, kí n sá a sóòrùn, kí n sì yá àga alápá méjì láti ilé àdúrà. O rí i báyìí. Bí o bá ránṣẹ́ pé ò ń bọ̀, yóò wọ àrán, yóò fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò jókòó sórí àga, yóò rẹ́rìn-ín sí ọ, ìwọ náà yóò sì padà sí Àkúrẹ́ lọ sọ pé ara ìyá rẹ le.

Ó ní kí n kọ ọ́ pé a dúpẹ́. Mo ti kọ ọ́.

Má ránṣẹ́ ṣíwájú, Tóún. Ẹ̀yìn ilé ni kí o gbà wọlé. Máa bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.